Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìpínlẹ̀ Wa: Ọwọ́ Òsì Nìkan ni Sákúlà Yín Ní

Alága wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín, mo sì kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ni mí. Ó di ọdún 19 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ní ilé-ìwé ìjọba, nítorí náà kì í ṣe àlejò ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Sákúlà tí ọ́fíìsì yín fi ránṣẹ́ sí wa ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni mo bá wá. A kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n ní àṣẹ ti òkè wá ni. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mejì, a kò rí èsì. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí ní gbangba, kí àwọn òbí náà lè mọ ohun tí a fẹ́ fi àwọn ọmọ wọn ṣe.

Sákúlà náà kò gùn. Ó ní ọmọ tó bá ń jà, tó ń gé akẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, tó ń sá jáde ní kíláàsì, tàbí tó ń tàpá sí àṣẹ olùkọ́, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì nà án níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtò àárọ̀. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kí a lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ́jísítà. Kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí. Olùkọ́ kíláàsì ni yóò buwọ́ lu àkọsílẹ̀ náà kí ọ̀gá ilé-ìwé tó fi ṣọwọ́ sí yín. Ọmọ mẹ́rin ló wà lórí tèmi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

N kò sọ pé kò sí wàhálà. Ọmọ 64 ló wà ní kíláàsì mi, ọmọ márùn-ún ló ń há ara wọn sórí bẹ́ǹṣì kan, bí ẹnì kan bá sì bẹ̀rẹ̀ ìjà, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn títí a ó fi lu aago. Ìyá tí wọ́n gé ọmọ rẹ̀ jẹ kò jẹ̀bi bó bá gbé ìbínú wá sí ilé-ìwé. Ẹni tó kọ sákúlà yìí rí ohun tí gbogbo wa ń rí. Ohun tó rò pé ó fà á, àti oògùn tó lò sí i, ni èmi kò fara mọ́.

Èkíní: ẹ̀rù ni ẹ ń pè ní oríkunkun.

Ọmọkùnrin kan wà lórí àkọsílẹ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà ààbọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, ìsàlẹ̀ pátápátá ló lọ jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, á tẹrí mọ́lẹ̀. Bí dọ́sítà bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, abẹ́ bẹ́ǹṣì ni a ó ti bá a. Bí àwọn olóúnjẹ bá pín ìrẹsì, á jẹ ìdajì, á rọ èyí tó kù sínú ọ̀rá, á sì kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Òórùn ìrẹsì tó ti kan ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀. Ẹni tó bá sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó ti rí onítọ̀hún tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń dá a lóhùn.

Ní sáà tó kọjá ó gé ọmọ kan jẹ lápá, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo fà á síwájú, mo sì nà án ní pánkẹ́rẹ́. Mo ti na ọmọ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo mọ bí ọmọ ṣe ń ké, bó ṣe ń fò sókè, bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ kí pánkẹ́rẹ́ tó balẹ̀ pàápàá. Ọmọ yìí kò ké. Kò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ọ̀kánkán fèrèsé, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sí nínú ojú yẹn mọ́. Ìgbà tí mo nà án dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù. Mo gbé pánkẹ́rẹ́ sílẹ̀, n kò sì tíì gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé mo di ẹni mímọ́ o. Ohun tí mo rí ló bà mí lẹ́rù.

Ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó máa ń mú un wá sí ilé-ìwé ni mo ti gbọ́ ìyókù. Bàbá rẹ̀ máa ń fi bẹ́líìtì na ìyá rẹ̀, nígbà mìíràn ọmọ yìí ṣì wà lẹ́yìn ìyá náà, nínú ọ̀já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹ̀yìn ìyá, tí gbogbo wa mọ̀ sí ibi tí ìyà kì í ti í jẹ ọmọ, ibẹ̀ ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ tó bá gòkè, ìyà ló ń gbé bọ̀. Ìyá rẹ̀ sá lọ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ilé mẹ́rin ló ti gbé. Ní ilé kẹta, wọ́n ní emèrè ni, wọ́n sì mú un lọ gba ìtúsílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi fún un lóúnjẹ. Ìrẹsì inú ìbọ̀sẹ̀ ti yé mi báyìí.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ọpọlọ ọmọdé ti ṣàlàyé ohun tí mo rí yìí ju bí mo ti lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní cortisol jẹ́ ọ̀kan nínú wọn; àyà á máa lù kìkì, iṣan á le, kí onítọ̀hún lè sá tàbí kó jà. Bí ewu bá kọjá tí àgbàlagbà kan sì gbé ọmọ náà mọ́ra, ara á rọlẹ̀, kò sì sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù náà bá di ti ojoojúmọ́ nígbà tí ọpọlọ ọmọ ṣì ń hù, tí kò sì sí ẹni tí yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, apá ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ amygdala, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹ̀pà lọ, á di èyí tí kì í sinmi mọ́. Ilé tí olè ti jà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ológbò bá ta ìkòkò lóru, gbogbo ilé ló ń dìde. Apá iwájú ọpọlọ, tó yẹ kó sọ fún èèyàn pé kó dúró ná, kó rò ó wò, kì í sì í tètè gbó: àní nínú ẹni tí ìyà kankan kò jẹ rí, ó ń lọ dé nǹkan bí ọdún 25 kó tó gbó tán. Nítorí náà, ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ̀ṣẹ́ gbá ẹni tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá kò jókòó gbèrò láti tàpá sí àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ti jà kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Èkejì: kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnusọ.

Ní ọdún 2014, Àjọ Ètò Ìkànìyàn orílẹ̀-èdè yìí, pẹ̀lú àjọ UNICEF àti CDC, iléeṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lórí ìwà ipá sí àwọn ọmọdé. Èsì rẹ̀ ni pé ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni irú ìwà ipá kan tàbí òmíràn ti ṣẹlẹ̀ sí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ ṣe níbi. Ọ̀pọ̀ wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ sórí ọmọ 64 tí mo ní, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ọmọ mẹ́rin tó wà lórí àkọsílẹ̀ ni ìṣòro wa.

Ẹ̀rí kejì ti ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà wá. Dókítà Vincent Felitti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n sanra jù, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ń fọn jù lọ gan-an ló ń sá kúrò nínú ìtọ́jú. Nígbà tó jókòó bi wọ́n léèrè, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti ṣe níṣekúṣe nígbà èwe. Òun àti dókítà olùwádìí kan, Robert Anda, wá béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tó lé ní 17,000, láàárín 1995 sí 1997, nípa ohun tí ojú wọn rí ní kékeré: lílù, ìṣekúṣe, àìkà-sí, òbí tó ń mutí, òbí tó wà lẹ́wọ̀n, ìyá tí wọ́n ń nà lójú wọn. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1998, ẹni tí irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti bá, ewu ọtí àmujù, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni fi ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ju ti ẹni tí kò rí ọ̀kan rí lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bi léèrè yìí kì í ṣe òtòṣì. Wọ́n kàwé, wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa sọ ní ìpàdé pé ọmọ àwọn tálákà ló máa ń ṣe báyìí.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi àṣà wa gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ ọ́, nítorí pé gbogbo ẹni tí mo bá ti bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́: wọ́n na gbogbo wa, a sì yanjú. Wọ́n na èmi náà. Bàbá mi ní kóbókò tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àmọ́ kó tó nà mí dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá rẹ̀ á ti yọ láti yàrá, ìró rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, á ní, “Ó tó, ó tó, èmi ni kó o wá nà.” Bàbá mi á kùn díẹ̀, á gbé kóbókò kọ́. Ìyá àgbà á fà mí wọlé, á fi omi nu ojú mi, á wá ẹ̀kọ fún mi, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí mo ṣe tí kò dára. Ohùn tirẹ̀ ni mo fi kọ́gbọ́n, kì í ṣe kóbókò. Ẹlẹ́bẹ̀ kì í wọ́n nínú agbo ilé nígbà náà. Ẹni tó ń na ọmọ gan-an mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá bẹ òun, ó sì ń retí rẹ̀. Bí ẹlẹ́bẹ̀ bá pẹ́ jù, òun náà á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Àwọn baba wa ló sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìdajì òwe náà ni ẹ mú kọ sákúlà. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí ọmọ tí mo sọ yìí ń sùn lónìí, ta ni ẹlẹ́bẹ̀ rẹ̀? Ní ìtò àárọ̀, níwájú gbogbo ilé-ìwé, ta ni yóò yọ jáde pé ó tó?

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́bẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ìgbà èwe mi nìkan. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955 títí wọ́n fi di àgbàlagbà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ayé ti le fún láti ìbẹ̀rẹ̀: òṣì, ìjà nínú ilé, òbí tó ń mutí, òbí tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Síbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ayé le fún wọ̀nyí dàgbà di ẹni tí nǹkan rẹ̀ gún. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ohun kan tó ń hàn léraléra ni pé àgbàlagbà kan, ó kéré tán, dúró ti ọmọ náà láìyẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ olùkọ́. Fún àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa, olùkọ́ nìkan ló kù nínú gbogbo àwọn tí mo kà yìí, òun náà ni ẹ sì fi pánkẹ́rẹ́ àti bírò lé lọ́wọ́ pé kó lé ọmọ dànù.

Ní ti òfin, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di tiwọn, sọ ní abala kọkànlá pé a kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ léṣe lára, lọ́kàn tàbí ní ìmọ̀lára, a kò sì gbọdọ̀ fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé abala 295 wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó, tó fún olùkọ́ láyè láti na ọmọ níwọ̀n fún ìbáwí. Àyè ló fún wa. Kò pa á láṣẹ fún wa. Sákúlà yín ló pa á láṣẹ.

Ẹ̀kẹrin: àwọn tí ẹ kò kọ orúkọ wọn ńkọ́?

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà kejì tí kò ní dé orí àkọsílẹ̀ yín láéláé. Kì í jà. Kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá pè é, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dìde, á sì dúró síbẹ̀ títí màá fi ní kó jókòó. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni níbi tó wà. Ó ti kiri ẹ̀kọ ká àdúgbò méjì kó tó dé ilé-ìwé láàárọ̀, oorun ló sì ń sùn ní aago mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó ṣubú lórí àkàsọ̀, orúnkún rẹ̀ bó yánnayànna. Kò sunkún, kò sì wá bá mi. Ó fi yunifọ́ọ̀mù bò ó, ó wá jókòó. Ọmọ ọdún méje tó farapa tí kò wá àgbàlagbà kankan lọ ti mọ ohun kan nípa àgbàlagbà tí kò yẹ kó mọ̀.

Èyí ni mo fi ń rántí ohun tí àwọn èèyàn bá ní ilẹ̀ Romania nígbà tí ìjọba Ceaușescu wó ní 1989. Ó lé ní 100,000 ọmọ tó wà nínú àwọn ilé ìtọ́jú ìjọba, ohun tó sì ya àwọn tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́nu ni bí yàrá àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ pé báwọn sunkún, kò sí ẹni tí yóò wá. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọmọ 136 níbẹ̀. Wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tí wọ́n kọ́ bí wọn yóò ṣe tọ́jú wọn. Àwọn tó wọ ìdílé sàn ju àwọn tó ṣẹ́ kù sílé ìtọ́jú lọ, ní ti ọgbọ́n orí àti ní ti bí ọkàn wọn ṣe ń so mọ́ ẹlòmíràn, pàápàá àwọn tó dé ibẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Ọmọ tó dákẹ́ kì í ṣe ọmọ tó gbọ́ràn ní gbogbo ìgbà. Bí sákúlà yín bá ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, irú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni kíláàsì wa yóò kún fún, ẹ ó sì kà á sí àṣeyọrí.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ ní ká lé wọn lọ sílé. Ilé wo?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ti tẹ̀ lé àṣẹ yín. Ó lé ọmọ ọdún mẹ́jọ kan lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò rí i. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó rí i ní gáréèjì, ó gbé omi inú ọ̀rá lérí. Òfin 2003 kan náà, ní abala ọgbọ̀n, ní a kò gbọdọ̀ lo ọmọ fún ìkiri ọjà lójú títì.

Ẹ̀kẹfà: ohun tí a ń béèrè.

Kí n tó kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti dán wò, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé owó ni mo wá béèrè. Mo gbé àyè ọmọkùnrin yẹn wá sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tó ti lè rí ilẹ̀kùn. Mo fún un ní ọ̀rá, mo ní kó máa rọ ìrẹsì sí i lójú mi, pé kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ dá ọ̀rá náà padà. Kí n tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo máa ń sọ fún un, mo sì kọ́ àwọn ọmọ tó yí i ká láti ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń lu aago báyìí. Ní sáà tó kọjá, ó gé èèyàn jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní sáà yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó ṣì ń jà, n kò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló gbá ẹnì kan nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbá a tán, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìjẹ́ pé mo pè é, ó di etí ìró mi mú. Lójú sákúlà yín, iye ìgbà tó ti ṣẹ̀ ti pé.

Nítorí náà, a ń béèrè pé kí ẹ fa sákúlà náà sẹ́yìn fún gbogbo ọmọ tó wà láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, kí ẹ sì dá orúkọ àwọn tí ẹ ti yọ padà sínú rẹ́jísítà kí sáà yìí tó parí. Kí nínà ní ìtò àárọ̀ dópin pátápátá, fún ọmọ kékeré àti fún ọmọ ńlá.

A ń béèrè pé kí olùkọ́ tó bá gba ọmọ ní kíláàsì kìíní bá a wọ ìkejì. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọmọ tó ti gbé ilé mẹ́rin kò nílò kí ilé-ìwé tún máa pààrọ̀ èèyàn mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún.

A ń béèrè pé kí a tó fi ìyà kankan jẹ ọmọ, kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀dọ̀ ta ló ń gbé, ilé mélòó ló ti gbé, ta ló kú tàbí ta ló lọ, ṣé ó jẹun láàárọ̀, ṣé ó sùn. Kí ìwé yẹn wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, kí a má sì gbé e fún ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí a ti rí ọmọ tí wọ́n lù lálùbolẹ̀ nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè tíṣà.

A ń béèrè pé kí orúkọ àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan tó ń gbé fóònù wà lára ògiri ọ́fíìsì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo tẹnu mọ́ ọn: tó ń gbé fóònù.

A ń béèrè fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó má jẹ́ irú èyí tí a máa ń fi ọjọ́ kan ṣe nínú gbọ̀ngàn tí a ó sì ti ibẹ̀ gba báàgì. Ibùdó tó ń rí sí ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ tó gbọ́ èdè wa tí wọ́n sì mọ ilé wa ló wà níbẹ̀. Kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Kí ẹ fi olùkọ́ kan láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ náà padà wá kọ́ àwa yòókù. Ní ti ọmọ 64 nínú kíláàsì kan, ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí i. A ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́.

A fẹ́ kí ẹ pè wá sí ìpàdé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwa olùkọ́ kíláàsì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí a jókòó lórí gbogbo èyí kí ẹ tó kọ òmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí àkọsílẹ̀ kíláàsì mi dé ọ́fíìsì yín. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ti ọmọ tó ń lu aago ló ṣe ìkẹta, ọ̀gá mi sì ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí mo gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Ibẹ̀ ṣì ṣófo.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Olùkọ́ kíláàsì kejì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba